Ọ̀bẹ Márùn-ún Tó Ènìyàn

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé nígbà tí Odùduwà ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti Ilé-Ifẹ̀, irin ni ó fi lé Ọ̀ràngún lọ́wọ́. Ogbó ni wọ́n ń pe irin náà. Bí igbó bá dí, Ogbó a là á. Bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹni tí ó gbé Ogbó dání a mọ èyí tí yóò tọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wí pé, “Ogbó mi mọ̀nà,” inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì ti fa orúkọ Ìgbómìnà yọ. Àwa tí a bí ní Ìsánlú-Ìsin ti gbọ́ ìtàn yìí láti ìgbà tí a ti ń jókòó lórí ẹní lẹ́bàá àtùpà, a sì máa ń yangàn pé ẹnu irin ni orúkọ wa ti wá.

Irin kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá dé Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí wa, yóò rí àwọn ère òkúta tí ó lé ní 1,000. Ní ọdún 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., mú ìròyìn wọn dé etí ìjọba; ní ọdún 1945 ni a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Nínú àwọn ère náà, ẹlòmíràn jókòó sórí àpótí, ẹlòmíràn ń lu ohun èlò orin, ẹlòmíràn sì di àdá mú gírígírí. Ìgbà gbogbo tí a bá mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀, ọwọ́ tí ó di àdá mú ni a máa ń wò. Ọwọ́ òkúta ni, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó dì mú.

Ohun tí a fẹ́ bá òǹkàwé sọ lónìí kéré púpọ̀ sí Ogbó. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àpò ni, èyí tí irin rẹ̀ ń sùn sínú èèkù bí ìgbín ti ń sùn sínú ìkarahun, tí a ó fi èékánná fà jáde nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Òun ni a fi ń bó ọsàn, òun ni a fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, òun ni a fi ń gé okùn àpò iṣu. A mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn láti máa kó irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jọ, a sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè pé, “Èwo ni kí n ní, èwo ni kí n fi sílẹ̀?” a ní ìdáhùn fún un, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó kọ́ wa ní ìdáhùn náà.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ ni ìfẹ́ ọ̀bẹ wọ̀ wá lára. Láti ìgbà náà, kò sí ọjà tí a dé tí a kò wo orí àtẹ àwọn onírin: Òmù-Àrán, Ilọrin, Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, títí dé Kútọnu. Bí ẹlòmíràn ti ń kó aṣọ jọ ni àwa ń kó ọ̀bẹ jọ. Agolo bisikíìtì ńlá kan ni a kó wọn sí, a sì gbé e sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí Bàbá wa sùn nínú Olúwa, tí ẹbí pín ohun ìní rẹ̀, ọ̀bẹ àpò kan kàn wá. Ọ̀bẹ Rodgers ti Sheffield ni. Bàbá àgbà wa ni ó rà á ní Ọ̀fà nígbà tí ó lọ ta iṣu ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Eegun màlúù ni wọ́n fi ṣe ara èèkù rẹ̀, ó sì ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ìpọ́n ọjọ́ pípẹ́ ti jẹ irin rẹ̀ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé ìrèké. A wò ó, a rẹ́rìn-ín múṣẹ́, a jù ú sínú agolo pẹ̀lú àwọn tí ń dán.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní ìgbà ọyẹ́, àbúrò wa ti Ilọrin dé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀bẹ Bàbá ńkọ́? Mo fẹ́ kí ọmọ yìí fi gé èbù rẹ̀ àkọ́kọ́.” Òótọ́ ni ó sọ. Gbogbo wa nínú ilé náà, ọ̀bẹ yẹn ni Bàbá fi lé wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ bá a gé èbù iṣu. Yóò di ọwọ́ wa mú, yóò fi hàn wá bí a ti ń wá ojú iṣu, yóò sì wí pé kí a má ṣe kánjú.

Pẹ̀lú ìgbéraga ni a gbé agolo jáde síwájú ìyá wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń kó àwọn ọ̀bẹ náà lé orí ẹní, a sì ń ka iye owó tí a rà wọ́n. Ọmọ náà ń la ẹnu. Ọ̀bẹ 30 ni a kó jáde kí a tó rí èyí tí a ń wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wà. Òógùn ọwọ́ tí ó wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbà á, àti ọ̀rinrin òjò ọdún mẹ́ta, ti sọ ọ́ di ìpẹtà. Irin rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú èèkù, kò ṣe é fà. Ojú tì wá, a fi ipá sí i, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ sì dá sí wa lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa fọhùn jẹ́jẹ́: “Ọmọ mi, ọ̀bẹ tí bàbá rẹ fi bọ́ ọ ni o wá fi ń bọ́ ìpẹtà.”

A kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, a gbé ọ̀bẹ náà lọ sí àgbẹ̀dẹ. Baba alágbẹ̀dẹ rì í sínú karosíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko; lẹ́yìn èyí ni ó rọra ń mì ín lọ, mì ín bọ̀, títí oríkèé rẹ̀ fi là. Ó fi òkúta pọ́n ibi tí ó dá, ó sì yọ ṣóńṣó mìíràn fún un. Bí ó ti ń pọ́n ọ́n ni ó wí fún wa pé, “Olùkọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ọwọ́ mélòó ni ẹ ní?” A ní méjì ni. Ó ní, “Nínú gbogbo ọ̀bẹ tí mo gbọ́ pé ẹ kó jọ, mélòó ni ó mọ àwọn ọwọ́ náà? Ọ̀bẹ tí ẹ kò bá gbà síṣẹ́, ìpẹtà yóò gbà á síṣẹ́.” Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀. Òwe wa wí pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìdí wa ni ó ń lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ohun tí ó sì fà yọ kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Nígbà tí a padà délé, a tú agolo náà sílẹ̀, a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: iṣẹ́ wo ni o mọ̀, tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò mọ̀? Èkejì: ǹjẹ́ a lè sọ ibi tí o ti wá fún ọmọ tí ó bá bi wá léèrè? Ẹ̀kẹta: bí o bá sọnù lónìí, ǹjẹ́ a ó wá ọ? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò rí ìdáhùn sí ẹyọ kan. Nígbà tí a ṣe èyí tán, ọ̀bẹ márùn-ún ni ó ṣẹ́kù.

Èkíní ni ọ̀bẹ àgbẹ̀dẹ tiwa. Lóòótọ́ kì í ká, àkọ̀ awọ ewúrẹ́ ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá kó ọ̀bẹ jọ kí tilé má sí níbẹ̀. Láyé òde òní, sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti gbó ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa sábà máa ń rọ di ọ̀bẹ, nítorí pé irin náà le, ó sì máa ń gba ìpọ́n. Alágbẹ̀dẹ a fẹ́ ẹwìrì, a lu irin lórí owú títí yóò fi tẹ́, a sì fi ìrù sílẹ̀ fún un. Ìrù yìí ni yóò tún fi sínú iná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì kì í bọ inú igi èèkù. Yóò jó ọ̀nà fún ara rẹ̀, yóò sì há síbẹ̀. Bí a bá ń ra irú rẹ̀, kí a di èèkù mú, kí a gbọn ọ́n. Bí ó bá mì, kí a dá a padà. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbẹ́ èèkù náà ni a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí a bá wí.

Èkejì ni Rodgers ti Bàbá. Ní ìlú Sheffield, ẹgbẹ́ àwọn tí ń rọ ọ̀bẹ ti wà láti ọdún 1624, wọ́n sì ń ṣọ́ àmì tí olúkúlùkù ń tẹ̀ sára irin rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú ni àmì Joseph Rodgers. Ọ̀bẹ wọn gbajúmọ̀ ní ayé ìgbà kan tí ó fi jẹ́ pé àwọn ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń wá ògbólógbòó rẹ̀ wo àmì náà dáadáa, kí ó sì rí i pé ó jinlẹ̀ nínú irin, kì í ṣe ohun tí a fi ọ̀dà kọ. Ní ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ náà àti ti Wostenholm, aládùúgbò rẹ̀, di ọ̀kan. Irú ọ̀bẹ yìí kò ní ohun tí ń ti irin rẹ̀ bí ó bá ṣí tán; agbára irin ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ó gbé e ró. Ẹni tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan, kò gbọdọ̀ máa fi gún nǹkan, kí ó má baà padé mọ́ ọn ní ìka.

Ẹ̀kẹta ni Okapi. Ní ọdún 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Solingen ní Jámánì, fún títà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Ẹranko igbó Kóńgò ni ó ni orúkọ náà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1901. Láti ọdún 1988 ni Gúúsù Áfíríkà ti gba iṣẹ́ náà. Igi ni èèkù rẹ̀, òṣùpá àti ìràwọ̀ sì wà lára rẹ̀. Bí a bá ń ṣí i, yóò máa dún krá-krá-krá. Òrùka kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ó fà kí ó tó lè padé. Ọ̀bẹ oko ni, owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹnu rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n àwọn jàǹdùkú ní Gúúsù Áfíríkà ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, nítorí náà oko ni tiwa ń gbé, kì í bá wa dé àwùjọ.

Ẹ̀kẹrin ni Opinel, tí a rà ní Kútọnu. Joseph Opinel ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Savoie ní ilẹ̀ Fáransé ní ọdún 1890, fún àwọn àgbẹ̀ orí òkè. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ títóbi rẹ̀. Nọ́ńbà 8, tí irin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, ni ó bá àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà mu jù. Láti ọdún 1955 ni òrùka irin ti wà lọ́rùn rẹ̀ tí a ń yí láti tì í. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí èyí tí ó lè bó ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ jù ú lọ. Àléébù rẹ̀ kan ni pé igi èèkù rẹ̀ a máa mu omi, yóò wú ní ìgbà òjò, yóò sì há irin mọ́nú. Àwọn ará Savoie mọ ọgbọ́n rẹ̀: wọn a gbá ìdí èèkù mọ́ tábìlì, ẹnu irin a sì yọ jáde.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀bẹ pupa ti Switzerland. Ọ̀gbẹ́ni Karl Elsener dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1884. Ní ọdún 1891 ó kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀, ní ọdún 1897 ó sì ṣe èyí tí ó fúyẹ́ fún àwọn ọ̀gágun. Inú ìdílé èyí ni àwọn tí ó ní àgbélébùú funfun lára, tí a ń pè ní Victorinox, ti wá. Irin rẹ̀ kì í tètè dípẹtà. Kì í ṣe ọ̀bẹ nìkan: ó ní ohun tí a fi ń tú ìdè, ohun tí a fi ń ṣí agolo, a sì máa ń rí èyí tí ó ní sáàsì. Fún olùkọ́ ìjọ tí ó ń ti abúlé kan bọ́ sí èkejì, tí wáyà gbohùngbohùn ń já mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rẹ́ àtàtà ni.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi abẹ kún un. Abẹ jẹ́ irin oníṣẹ́ ọwọ́: ti onígbàjámọ̀ ni, ti olóòlà ni. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ náà, kí ó má fi irin rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ra ọ̀bẹ àpò, kí ó ra á pẹ̀lú ojú, pẹ̀lú ìka, àti pẹ̀lú etí. Kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: kò yẹ kí oòrùn gba àárín irin àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kí ó ṣí i tán, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka mú irin náà, kí ó mì í sọ́tùn-ún sósì: oríkèé tí ó bá ń yẹ̀ lónìí yóò bọ́ lọ́la. Kí ó wá pa á dé, kí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀: ọ̀bẹ onísípíríǹgì tí ó dára a máa dáhùn ní kedere, “kọ́!”, èyí tí kò dára a máa kùn lásán. Dídán kò sí nínú ẹ̀rí wọ̀nyí. Ọ̀bẹ mélòó kan nínú èyí tí a rà nítorí dídán ni kò lè gé iṣu sísun.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́yìn ọsàn tàbí òroǹbó, kí a nù ún gbẹ, nítorí pé omi kíkan ni ọ̀tá irin. Kí a fi àdín tàbí òrí díẹ̀ pa á lára nígbà òjò, kí a sì kán ẹ̀kán kan sí oríkèé rẹ̀. Kí a máa fi òkúta pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọrin tí ń ta iná pàràpàrà yóò sun irin náà, líle rẹ̀ yóò sì kúrò. Kí a má na ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn: bí a bá fẹ́ fi í fúnni, kí a kọ́kọ́ pa á dé. Ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sínú ẹrù tí a kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sì gbọ́dọ̀ rántí òfin ọdún 1988: ọ̀bẹ tí ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní àtì, ni a lè gbé ní ìgboro láìjẹ́ pé a ní ìdí pàtàkì. Nípa òfin yìí, Okapi àti Opinel alórùka kò gbọdọ̀ bá wọn jáde láìnídìí, ṣùgbọ́n Rodgers kékeré lè bá wọn lọ.

Àwọn ọ̀bẹ 26 tí ó kù ńkọ́? A fi wọ́n tọrẹ. Díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìjọ, díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, mẹ́ta sì di ti bàbá alágbẹ̀dẹ, tí ó wò wọ́n, tí ó mi orí, tí ó sì ní òun yóò tún wọn rọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a rí obìnrin kan tí ó ń fi ọ̀kan nínú wọn bó ọsàn, tí èèpo rẹ̀ ń já bọ́ gbọọrọ láìgé. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀bẹ náà fi wà lábẹ́ ibùsùn wa láìrí ọsàn kan.

Kí àbúrò wa tó padà sí Ilọrin, gbogbo wa jọ lọ sí oko. A nu ọ̀bẹ Bàbá, a ṣí i, ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò dún tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dáhùn. A fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́, a di ọwọ́ rẹ̀ mú, a fi ojú iṣu hàn án, a sì gbọ́ ẹnu ara wa tí ó ń wí pé kí ó má ṣe kánjú. Ìyá wa jókòó sábẹ́ igi, kò wí nǹkan kan. Ọmọ náà gé èbù 17. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú wọn. Nígbà tí òjò rọ̀, gbogbo wọn ni ó hù.

Ọ̀bẹ náà wà nínú àpò wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ náà bá dàgbà tó, tirẹ̀ ni yóò jẹ́, mẹ́rin yóò sì ṣẹ́kù fún wa, yóò tó wa. Ogbó mọ̀nà nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ń rìn ni ó wà. Ká ní abẹ́ ibùsùn ni Ọ̀ràngún gbé e sí ni, bóyá títí di òní ni àwa ọmọ rẹ̀ ì bá ṣì máa bèèrè ọ̀nà.